Gírántì tó fẹ́ tán, àti tíìmù tí ò ṣe mítìn mọ́

Lẹ́tà tó wọlé sí mi rèé, mo ti gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sóṣà wọ́kà ni mí ní middle school kan ní ìlú kékeré kan ní Pennsylvania níbí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí tíìmù wa ti ń ṣe Strengthening Families fáwọn ọmọ sixth grade àtàwọn òbí wọn, àwọn òbí tó bá sì wá máa ń fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Gírántì tó ń gbé e máa parí ní June tó ń bọ̀. Alága wa ní ká tún wá gírántì míì, prínsípà ní ká dín in kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má baà náni lówó púpọ̀, àwọn tó kù ò tiẹ̀ wá mítìn mọ́. Ẹnì kan nínú bọ́ọ̀dù ilé ìwé tún sọ pé àwọn òbí tó ń wá ò pọ̀, pé kí la tiẹ̀ ń náwó lé lórí. Ibo la ti máa rówó? Àbí ká kúkú jẹ́ kó kú?"

Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí wa. Owó lẹ bi mí, màá sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó dá mi dúró nínú lẹ́tà yín ni èyí tẹ́ ẹ sọ kọjá bí ẹni tó ń sáré, pé àwọn tó kù ò wá mítìn mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Gírántì ò tíì tán, owó ṣì wà nílẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ti ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kì í ṣe àìsówó ló lé wọn. Òótọ́ ni pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àmọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá wà tí ò sẹ́ni tó máa wà á ńkọ́? Iṣẹ́ Extension, ẹ̀ka yunifásítì tó ń gbé ìmọ̀ lọ bá àwọn ará ìlú, ni mo ṣe ní Iowa títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú tíìmù báyìí ni mo sì bá ṣiṣẹ́ jù, mo ti rí èyí tó kú tówó ṣì wà ní báńkì, mo ti rí èyí tó ń lọ láìní gírántì kankan lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ohun tó mú wọn yàtọ̀, màá ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká lọ jókòó síbi mítìn wọn ná.

Fáwọn tó ń ka èyí tí wọn ò mọ ètò náà: Strengthening Families Program 10–14, Iowa State University ni wọ́n ti ṣe é fáwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá àtàwọn òbí wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ní wákàtí kìíní àwọn òbí á wà ní yàrá tiwọn, àwọn ọmọ á wà ní tiwọn, tó bá di wákàtí kejì wọ́n á wá pàdé, kálukú pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, wọ́n á jọ gbìyànjú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Òbí ń kọ́ bó ṣe máa fi òfin lélẹ̀ nínú ilé láìjẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń pariwo, ọmọ ń kọ́ bó ṣe máa kọ ọtí àti igbó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ láìsọ ọ̀rẹ́ náà nù. Ìpàdé mẹ́rin míì tún wà tí wọ́n lè fi kún un tó bá yá. Kì í ṣe ètò àwọn ọmọ tó ti bàjẹ́ o, ó pọn dandan kí n sọ ìyẹn, torí tí ìwé ẹ̀ bá ti dé ilé àwọn ará wa níbí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá ni pé "ta ló ní ọmọ mi ń mugbó?" Gbogbo ọmọ kíláàsì yẹn ni wọ́n ń pè, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sì ń pè wọ́n.

Ìbéèrè yín yìí, pé ṣé irú ètò báyìí lè dá dúró nígbà tówó ìta bá lọ, àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wò ó, ìpínlẹ̀ yín gan-an sì wà nínú ẹ̀. PROSPER ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, Richard Spoth ní Iowa State àti Mark Greenberg ní Penn State wà lára àwọn tó darí ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 wọ́n mú ìlú 28, 14 ní Iowa, 14 ní Pennsylvania, wọ́n ṣẹ́ kèké, ìdajì gba ètò, ìdajì tó kù ń bá ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tí ètò dé, wọ́n kó tíìmù kékeré jọ, bí èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá. Olórí ẹ̀ wá láti Extension, igbákejì ẹ̀ wá láti ilé ìwé, wọ́n wá fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ọpọlọ àti ọ̀rọ̀ oògùn olóró ní àdúgbò kún un, àtòbí, àtọ̀dọ́. Extension yìí kì í ṣe nǹkan àná, òfin Smith-Lever ti 1914 ló dá a sílẹ̀, àwọn tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹlẹ́dẹ̀ náà ló ń ṣe 4-H, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan, fáwọn ọmọ, nítorí náà ẹni tí ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí, wọn ò gbé àlejò wá. Lẹ́yìn tíìmù náà ẹnì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní prevention coordinator, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa pe olórí tíìmù lóòrèkóòrè, kó máa bi í pé ibo lẹ dé, kí ló há yín. Èèyàn lè rò pé ìyẹn ò tó nǹkan, àmọ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti darí tíìmù rí, ẹni tó ń pè ọ́ tó ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ láìjẹ́ pé ọ̀gá ẹ ni, ó ṣọ̀wọ́n.

Owó ìwádìí ló gbé wọn dìde, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé owó yẹn máa fà sẹ́yìn, pé tíìmù máa ní láti wá tiẹ̀ nílé. Nígbà táwọn oníwàádìí wá tẹ̀ lé wọn fún ọdún púpọ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé báwọn èèyàn inú tíìmù ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ ní í ṣe pẹ̀lú bí wọ́n ṣe múra sílẹ̀ de ìgbà tówó máa tán àti bí wọ́n ṣe rówó. Ẹ wò ó dáadáa, láti àárọ̀ ọjọ́ ni mo sọ. Kì í ṣe pé nígbà tó ku oṣù mẹ́ta ni wọ́n kó ara wọn jọ.

Kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ní ìlú kékeré, owó ò sí nínú àpótí kan tí èèyàn lè lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n mọ ara wọn ló wà: superintendent tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ilé ìwé, ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹni tó ń rí sí báńkì, àwọn kọmíṣọ́nà kántì, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ọ̀gá probation tó ń bójú tó àwọn ọmọdé tó bá níṣòro pẹ̀lú ilé ẹjọ́. Ibi tí wọ́n ti ń pín owó yẹn, ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sí tíìmù yín pẹ́ tó sì ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan kan nínú ẹ̀ ló máa gbẹnu sọ fún yín nígbà tí ẹ ò sí ńlé. Ẹni tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀ lásán ló wà lórí lẹ́tà kò ní la ẹnu ẹ̀. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni báńkì kan tó wà nínú tíìmù kan, ó ń wá, ó ń jókòó, ó ń lọ, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ kankan fún un. Olórí tuntun kan wá dé, ó ní kó wá bá wọn bu oúnjẹ fáwọn ìdílé ní Wednesday, lọ́jọ́ kíláàsì. Ó dé, ó wọ épírọ̀nù, ó bu màkàrónì títí gbogbo wọn fi jẹun tán, kò lọ sílé, ó dúró wo wákàtí kejì lẹ́bàá ògiri. Ní mítìn tó tẹ̀ lé e ó kàn béèrè pé: "Èló gan-an ni kíláàsì kan ń ná yín?" Gbogbo tábìlì dákẹ́. Kò sẹ́nì kankan tó mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín ní ìbéèrè ọ̀gbẹ́ni yẹn. Kì í ṣe èló ni gírántì o, èló ni kíláàsì kan. Ká sọ pé ìdílé mẹ́wàá ló wá, pẹ̀lú àwọn àbúrò tí wọn ò lè fi sílẹ̀ nílé, èèyàn 30 sí 40 ló máa jẹun, ìyẹn ni abọ́ 210 sí 280 láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ fẹ́ ẹni mẹ́ta tó ń darí, ọ̀kan fún òbí, méjì fáwọn ọmọ. Ẹ fẹ́ ẹni tó máa bá wọn mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ìwé iṣẹ́, fídíò, ẹ̀bùn kéékèèké tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdílé. Yàrá, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ilé ìwé lè fún yín ní họ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ kó tún wá fi owó overtime custodian, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìwé, ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn aago mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá ti tò ó báyìí, ẹ máa rí i pé gírántì ń sanwó fún ohun tó jẹ́ pé ẹlòmíì lè gbé wá. Ṣọ́ọ̀ṣì lè sè é. Tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá wà nítòsí yín, wọ́n lè gba ọ̀sẹ̀ kan ṣe, kí wọ́n sì fi ata tó dín kù sí jọ̀lọ́ọ̀fù náà jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ high school lè bá wọn mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú wọn, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Pennsylvania ẹ mọ̀ pé olùyọ̀ǹda àgbàlagbà tó máa wà pẹ̀lú ọmọ gbọ́dọ̀ ní clearance lọ́wọ́, ìwé àyẹ̀wò pé kò ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn tàbí ìwà ìkà sọ́mọ, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni wọn kì í gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ olùyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí kíláàsì fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní kẹ́ ẹ sọ di ọ̀fẹ́ ni àwọn tó ń darí kíláàsì. Olùyọ̀ǹda á ṣe é dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́, lọ́dún kejì ọmọ ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Wednesday, ó parí nìyẹn. Èyí tó ń pẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo rí ni kí kíláàsì náà wọ inú iṣẹ́ oṣù ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwé kọ ọ́ sínú iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀, kí Extension kọ ọ́ sínú iṣẹ́ educator wọn, kí ọ́fíìsì kántì yá yín ní òṣìṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ méje. Kò sí ẹni tó máa ya fọ́tò yín pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì ńlá lọ́jọ́ tíyẹn bá ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó gidi ni, ó sì nira láti gé ju ṣẹ́ẹ̀kì lọ, torí ẹni tó bá fẹ́ gé e máa ní láti yí iṣẹ́ èèyàn padà lórí ìwé.

Alága yín ní ká wá gírántì míì. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe to Drug-Free Communities, gírántì ìjọba àpapọ̀ fún dídènà oògùn olóró láàárín ọ̀dọ́, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Òfin 1997 ló dá a sílẹ̀, ó lè tó $125,000 lọ́dún, ọdún márùn-ún ni, èèyàn lè tún un gbà kó di mẹ́wàá, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ní aṣojú láti ẹ̀ka méjìlá ìlú, òbí, ọlọ́pàá, oníṣòwò, oníròyìn, àwọn ẹlẹ́sìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Dọ́là kan tí wọ́n bá fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ fi dọ́là kan láti inú ìlú yín pàdé ẹ̀, tó bá di ọdún keje àti ìkẹjọ ó ti di 125%, ọdún kẹsàn-án àti ìkẹwàá ó ti di 150%. Wọ́n ń ka oúnjẹ, yàrá àti àsìkò olùyọ̀ǹda mọ́ ọn, ìyẹn dáa. Àmọ́ ṣé ẹ rí i? Tẹ́ ẹ bá sá fún owó ilẹ̀ yín, ìyẹn owó inú ìlú yín, lọ bá gírántì, gírántì náà máa dá yín padà sílé pé ẹ lọ mú owó ilẹ̀ yín wá, àtàwọn aṣojú méjìlá tí wọ́n ń wá mítìn. Tíìmù tí ò pé kò ní rí i gbà, tó bá sì rí i gbà kò ní lè pa á mọ́.

Owó ilẹ̀ ńkọ́, ibo ló wà? Bí ilé ìwé yín bá ń gba Title I, owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ìwé tí ọmọ àwọn tí ò lówó pọ̀ sí, àwọn district tí tiwọn bá ti kọjá $500,000 gbọ́dọ̀ ya ó kéré tán 1% sọ́tọ̀ fún ohun tó kan òbí, ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n ń fi tiyín ṣe, nígbà míì ìwé pélébé àti búrẹ́dì ni. Single County Authority ní kántì yín ló ń pín owó ọ̀rọ̀ oògùn olóró, block grant, owó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ìpínlẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn, sì ní kí ó kéré tán 20% lọ síbi ìdènà. Ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun tí ìlera àdúgbò nílò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, òfin ìlera ti 2010 ló sọ ọ́ dandan, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú tíìmù wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, torí ohun tó bá wọ ìwé yẹn ni wọ́n máa náwó lé. Owó ẹjọ́ opioid, oògùn apàrora tó ń di bárakú, náà wà, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn McKesson, Cardinal Health àti AmerisourceBergen pẹ̀lú Johnson & Johnson gbà ní 2022 láti san tó $26 bílíọ̀nù, ti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ máa gba ọdún 18 kó tó tán, ìdènà sì wà lára ohun tí wọ́n fàyè gbà kí kántì fi ṣe. Àwọn kọmíṣọ́nà ló ń pinnu, gbogbo ayé sì ti tò síbẹ̀, tó fi mọ́ àwọn tó fẹ́ ra mọ́tò ọlọ́pàá. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú iye tí kíláàsì kan ń ná, ẹ má lọ pẹ̀lú ìtàn nìkan. United Way, Rotary àti Lions dáa fún oúnjẹ àti ìwé, wọn kì í sábà gbé owó iṣẹ́ èèyàn. Ní ti spaghetti dinner àti títa tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣe é tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìlú mọ̀ yín, àmọ́ owó tó ń mú wọlé kì í tó àárẹ̀ tó ń fà, mo sì ti rí tíìmù tó lo gbogbo agbára ẹ̀ lórí kéèkì títà tí ò wá sẹ́ni tó pe òbí kankan sí kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ilé ìwé wá kù. Ẹ máa rí i nínú ìwé pé wọ́n ṣírò ètò yìí ní 2002, pé dọ́là kan tí wọ́n ná lé e ń dá $9.60 padà, látara àwọn tí ò ní di onímukúmu. Ọ̀pọ̀ tíìmù ló máa ń gbé nọ́ńbà yìí sókè bí àsíá níwájú bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé kò mì wọ́n. Ṣé àpò tiwọn ló ń bọ̀ ni? Ọmọ tí ò di onímukúmu lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ insurance, ilé ẹjọ́ àti ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ló jèrè ẹ̀. Ilé ìwé tó sanwó ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, nọ́ńbà yín tọ̀nà o, ẹni tẹ́ ẹ fi hàn ni kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ìdí gan-an nìyí tí mo fi ń sọ pé kí àwọn tó ni àpò yẹn wà nínú tíìmù. Fún bọ́ọ̀dù, ẹ gbé ohun tó kan ilé ìwé lọ: iye ìdílé tó bẹ̀rẹ̀, iye tó parí, ìwé ojú kan péré, kẹ́ ẹ sì mú bàbá kan dání tó máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ohun tó ń ṣe nílé báyìí tí kò ṣe tẹ́lẹ̀. Bàbá o, ìyá náà dáa, àmọ́ bọ́ọ̀dù kì í retí bàbá.

Ẹni tó ní àwọn òbí ò pọ̀ yẹn, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn sọ fún un pé ní PROSPER gan-an, pẹ̀lú gbogbo owó àti yunifásítì méjì lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan bíi 17% àwọn ìdílé tí wọ́n pè ló wá, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí irú ètò yìí sábà máa ń rí nígbà tí wọ́n bá pe gbogbo ìlú. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ yẹn fi máa dé òpin high school, àwọn tó wá láti ìlú tó ní ètò lo oògùn olóró kéré sí àwọn ti ìlú kejì, gbogbo ọmọ kíláàsì yẹn ni wọ́n kà, kì í ṣe àwọn tó wá nìkan. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níbí o, kì í ṣe kíláàsì ìdílé nìkan ló ṣe é, tó bá di seventh grade gbogbo ọmọ ló tún ń gba ọ̀kan nínú ètò ilé ìwé mẹ́ta tí tíìmù lè mú, Life Skills Training, All Stars tàbí Project ALERT. Méjèèjì ló jọ ṣe é, tẹ́ ẹ bá ní kíláàsì ìdílé nìkan, ẹ má lọ ṣèlérí èsì méjèèjì. Nǹkan míì tún wà tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n yẹ ọ̀rẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọmọ tí òun fúnra ẹ̀ ò wá àmọ́ tó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ tó wá náà jèrè díẹ̀. Ìdílé mẹ́wàá ní ìlú kékeré lè kan ju ilé mẹ́wàá lọ.

Ìmọ̀ràn prínsípà, pé kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun ni mo kọ̀ jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inúure ló fi sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n dán wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò mọ ẹni tó dán an wò, nítorí náà gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lókè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gé e. Ohun tí wọ́n ń kọ́ sì ń gun ara wọn ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àwọn òbí ṣì ń wo ara wọn, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la ẹnu níwájú bàbá ẹ̀, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé ní ọjọ́ yẹn? Àwọn tíìmù PROSPER pa ohun tó wà nínú ìwé mọ́ tó nǹkan bíi 90%, pẹ̀lú pé ọdún ń gorí ọdún, torí wọ́n ń rán èèyàn lọ wo kíláàsì. Tó bá jẹ́ pé owó ò ká a, ẹ má gé ọ̀sẹ̀, ẹ gé iye ìgbà. Kíláàsì kan lọ́dún dípò méjì. Ẹ jọ ṣe é pẹ̀lú district tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ gé ẹ̀bùn. Ẹ fi ìpàdé mẹ́rin tó jẹ́ àfikún yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó dùn mí láti sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo yàn án ju kẹ́ ẹ fọwọ́ kan méje yẹn lọ.

Ibi tí ìmọ̀ràn mi ò dé náà wà. Àwọn ìlú PROSPER yẹn, ìlú kéékèèké àti ìgbèríko ni, district tí ọmọ ilé ìwé ẹ̀ wà láàárín 1,301 sí 5,200, àwọn aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ níbi tí superintendent àti ọ̀gá báńkì ti jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lè má rí bẹ́ẹ̀ ní Philadelphia. Fáwọn ará wa tó jẹ́ pé ìyá wà ní night shift ní nursing home, bàbá ń wa Uber, Wednesday aago mẹ́fà ò lè ṣiṣẹ́ láéláé, Saturday ọ̀sán ló lè ṣe é, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ wọ́n pè wọ́n lórí fóònù, ìwé tí ọmọ gbé wálé nínú báàgì kò ní mú wọn jáde. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn ìlú kan wà tí fáktírì ti lọ, ilé ìwòsàn ti lọ, báńkì ti di ẹ̀rọ ATM lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Kéèyàn dúró sí yunifásítì kó máa sọ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ pé ẹ wá owó ilẹ̀ yín, mo máa ń rò pé kò tọ́. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ló yẹ kó sanwó, kí tíìmù gbájú mọ́ kíláàsì. Tí ìlú yín bá jọ èyí, ẹ sọ ọ́ jáde lójú kọmíṣọ́nà, ẹ má fi ìtìjú bò ó.

Ní báyìí, ohun tí èmi ì bá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni yín. Mi ò ní pe mítìn kankan ná. Màá lọ bá àwọn tó ti sá yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi iṣẹ́ wọn, ìdajì wákàtí, màá ní "kí ló dé tí ẹ ò wá mọ́," màá sì pa ẹnu mi mọ́. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́: wọ́n máa ní mítìn yín gùn, pé alága ló ń dá sọ̀rọ̀, pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá pè wọ́n fún wákàtí kan péré, pẹ̀lú oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kálukú gba iṣẹ́ kan tó ní ọjọ́ lórí kó tó dìde. Alága yín ńkọ́, tó bá jẹ́ àgbàlagbà tẹ́ ẹ ò lè sọ̀rọ̀ sí, ẹ wá ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ tó máa bá a sọ ọ́. Ẹ mọ àsìkò owó o: ọdún ìnáwó ilé ìwé ní Pennsylvania ń bẹ̀rẹ̀ ní July 1, ṣùgbọ́n láti January ni wọ́n ti ń jíròrò ẹ̀, ẹni tó bá gbé ìwé lọ ní May, kí wọ́n bá a káàánú ló kù. Ọ̀pọ̀ kántì ní tiwọn, January sí December ni wọ́n ń lò, nítorí náà summer sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ jẹ́ kó kú. Ó ṣeé ṣe, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá fi máa di March tí ò sí ẹnì kan ní ilé ìwé yàtọ̀ sí ẹ̀yin tó gbà kí orúkọ òun wà lára ẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ máa dá a gbé, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ríṣẹ́ síbòmíì ló máa kú náà, á sì ti gba agbára yín lọ. Ẹ parí kíláàsì tó wà nílẹ̀ dáadáa ní June, ẹ má ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kó ìwé, fídíò àti orúkọ àwọn tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ́fíìsì Extension kántì yín, kí wọ́n fún yín ní ìwé pé wọ́n gbà á, nítorí bí superintendent míì bá dé tó sì ní ìfẹ́ sí i, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló wọ́n jù láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó débẹ̀, torí ilé ẹjọ́ wà lára àwọn tó ń jèrè ẹ̀, ọ̀gá probation àwọn ọmọdé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí.